Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: dídárà jáàsì lórí ii–V–I, láti nóòtì 2 dé kíì 12

Ohun tí a fẹ́ kó jáde

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 16 ni. Ẹni tó bá parí rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dárà, ìyẹn kó máa ṣẹ̀dá orin lójú ẹsẹ̀, fún báà 32 (bíìtì mẹ́rin ló wà nínú báà kan) ní kíì 12, lórí ii–V–I, ìyẹn kọ́ọ̀dù mẹ́ta (kọ́ọ̀dù ni àwọn nóòtì tó ń dún pọ̀) tí a gbé lé nóòtì kejì, ìkarùn-ún àti ìkíní síkéèlì. Bí a bá sì pa báàsì, ìlù àti dùùrù tó ń gbè é lẹ́yìn, ohun èlò rẹ̀ nìkan gbọ́dọ̀ tó fún etí láti mọ ibi tí kọ́ọ̀dù ti yí. Ìdánwò ìdákẹ́ la pe èyí. Ìpele tí kò bá yege nínú rẹ̀, a ò kọjá rẹ̀.

Ìdí tí a fi mú un: àtẹ móòdù méjèèje (móòdù ni síkéèlì tí a bẹ̀rẹ̀ láti orí nóòtì rẹ̀ mìíràn) ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́kọ́ há sórí, tí wọ́n á wá máa sáré gòkè sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀. Lórí Dm7–G7–Cmaj7, ìyẹn ii–V–I ní kíì C, wọ́n á fi D Dorian bẹ̀rẹ̀, wọ́n á bọ́ sí G Mixolydian, wọ́n á fi C Ionian parí. Nóòtì méje kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orúkọ ló yí, ìró ò yí. Ẹni tó ń sáré lórí nóòtì méje yìí láìbìkítà èyí tó bọ́ sórí bíìtì kìíní kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé kọ́ọ̀dù ti yí. Ìdí nìyí tí móòdù ò fi wọlé sínú iṣẹ́ yìí títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà. Àwọn tó fẹ́ràn àtẹ móòdù lè bínú sí ètò yìí. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdánwò ìdákẹ́ ná.

Ohun èlò àti àkókò

Ohun èlò orin kan, mẹtirónóòmù (ẹ̀rọ tó ń ka bíìtì), fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀, ìwé orin onílà márùn-ún, àti ìṣẹ́jú 45 lójúmọ́. A pín ìṣẹ́jú náà báyìí: 10 fún pípe kọ́ọ̀dù lẹ́nu, 15 fún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà, 10 fún dídárà lábẹ́ òfin kan péré, 10 fún gbígbọ́ ohun tí a gbà sílẹ̀. Mẹ́wàá ìkẹyìn ni wọ́n sábà máa ń fò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni àléébù ti ń hàn.

Orin ẹ̀yìn dára jù bí a bá fọwọ́ ara wa ṣe é, torí à ń ti ibẹ̀ kọ́ kọ́ọ̀dù. Báàsì á mú gbòǹgbò (nóòtì tí a fi ń pe orúkọ kọ́ọ̀dù), dùùrù tàbí kíbọ́ọ̀dù á mú ìtò nóòtì tí kò ní gbòǹgbò nínú:

Dm7: F A C E
G7: F A B E
Cmaj7: E G B D

Láti ti àkọ́kọ́ sí èkejì, ìka kan ló kúrò níbi tó wà: C bọ́ sí B. F, A àti E ò mira. Kí nóòtì ìsàlẹ̀ má sọ̀ kalẹ̀ kọjá D tó wà nísàlẹ̀ C àárín kíbọ́ọ̀dù. Bó bá kọjá ibẹ̀, ìró á dàrú bí omi tí wọ́n rò pọ̀. Báà kan fún Dm7, báà kan fún G7, báà méjì fún Cmaj7, kó máa yípo fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹni tó ń fọn fèrè tí C rẹ̀ kì í ṣe C dùùrù gbọ́dọ̀ yí kọ́ọ̀dù padà kó tó bẹ̀rẹ̀. Fún trumpet àti saxophone tẹ́nọ̀, tí C wọn jẹ́ Bb dùùrù, a máa gbé e ní odidi ìgbésẹ̀ kan sókè: Em7–A7–Dmaj7 (ìdajì ìgbésẹ̀ ni láti bọ́tìnnì dùùrù kan sí èyí tó kàn án; b ń rẹ nóòtì sílẹ̀ ní ìdajì ìgbésẹ̀, # ń gbé e sókè). Fún saxophone áàtò, tó jẹ́ Eb: Bm7–E7–Amaj7. Gbogbo àpẹẹrẹ tó kù nínú àkọsílẹ̀ yìí wà ní kíì dùùrù.

Ọ̀sẹ̀ 1: pípe kọ́ọ̀dù lẹ́nu

Kọ́ọ̀dù márùn-ún péré la nílò. Ẹ ka ìdajì ìgbésẹ̀ láti orí gbòǹgbò lọ sókè:

maj7: 4-3-4, C E G B
7: 4-3-3, C E G Bb
m7: 3-4-3, C Eb G Bb
m7b5: 3-3-4, C Eb Gb Bb
dim7: 3-3-3, C Eb Gb àti A (Bbb ni wọ́n ń kọ ọ́ nínú ìwé)

Òdiwọ̀n: kí nóòtì mẹ́rin kọ́ọ̀dù tí a bá dárúkọ jáde lẹ́nu láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2, láìfọwọ́ kan ohun èlò. Ètò tí a fi ń lọ ni C, F, Bb, Eb, Ab, Db, Gb, B, E, A, D, G. Kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ni ìkarùn-ún èyí tó tẹ̀ lé e, ọ̀nà tí orin jáàsì fúnra rẹ̀ máa ń gbà rìn nìyẹn.

Àléébù tó kọ́kọ́ yọjú: D# dípò Eb nínú Cm7. Lórí dùùrù, bọ́tìnnì kan náà ni. Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀dù a máa fo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: C, E, G, B. Ẹni tó bá pè é ní C D# G ti sọ ẹ̀kẹta (lẹ́tà kẹta tí a bá kà láti gbòǹgbò) nù lójú ìwé, nígbà tí orin bá sì ń sáré tó nílò ẹ̀kẹta ní wàrà, kò ní bá a níbi tó yẹ kó wà.

Ọ̀sẹ̀ 2 sí 3: nóòtì atọ́nà

Ẹ̀kẹta ló ń sọ bóyá kọ́ọ̀dù jẹ́ méjọ̀ tàbí máínọ̀. Ẹ̀keje ló ń sọ bóyá ó ti jókòó tàbí ó ṣì fẹ́ rìn. Gbòǹgbò ti wà lọ́wọ́ báàsì, ẹ̀karùn-ún ò sì fi bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Nítorí náà, nóòtì méjì ni a fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kẹta àti ẹ̀keje, àwọn ni nóòtì atọ́nà, ìlà méjì ló sì jáde:

Dm7 | G7 | Cmaj7
C | B | B
F | F | E

Ẹ wo bí ó ṣe ń lọ. C tó jẹ́ ẹ̀keje Dm7 bọ́ ìdajì ìgbésẹ̀ sílẹ̀, ó di B, ẹ̀kẹta G7. F tó jẹ́ ẹ̀kẹta Dm7 dúró síbi tó wà, ó di ẹ̀keje G7, lẹ́yìn náà ló wá bọ́ sí E. Nínú gbogbo ii–V–I tó wà láyé, ẹ̀keje ló ń bọ́ sílẹ̀ di ẹ̀kẹta. Ẹni tó bá mọ èyí nìkan ti ní egungun ìdárà lọ́wọ́.

Iṣẹ́ náà: mẹtirónóòmù ní bíìtì 60 fún ìṣẹ́jú kan, nóòtì bíìtì mẹ́rin-mẹ́rin, ìlà kìíní fún ọjọ́ 3, ìlà kejì fún ọjọ́ 3, lẹ́yìn náà kí a máa fo láti orí ìkan sí èkejì. Lẹ́yìn èyí ni a jẹ́ kí àsìkò nóòtì yàtọ̀, ṣùgbọ́n tí ìró ò gbọdọ̀ ju méjì lọ fún kọ́ọ̀dù kan.

Àléébù méjì ni a rí. Èkíní ni fífò: ẹni tó ń kọ́ mú C nísàlẹ̀, ó wá mú B ní òkè téńté. Nóòtì náà tọ́, àmọ́ ìlà ti já. Òfin tí a fi dè é ni pé kò sí fífò tó ju odidi ìgbésẹ̀ kan lọ níbi tí kọ́ọ̀dù ti ń yí. Èkejì ni pípẹ́ dé. Kọ́ọ̀dù yí lórí bíìtì kìíní, nóòtì tó tọ́ wá dé lórí ìkejì, nítorí ìgbà tí kọ́ọ̀dù dé ni ọkàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Àtúnṣe: láti bíìtì kẹta báà tó wà nílẹ̀, kí a ti máa dárúkọ ẹ̀kẹta kọ́ọ̀dù tó ń bọ̀ nínú. Bí ó bá ti mọ́ra, a lè fi ìdajì bíìtì ṣíwájú kọ́ọ̀dù, ká dé lórí àárín bíìtì kẹrin. Àwọn àgbà jáàsì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Ká yá dé dùn létí. Ká pẹ́ dé ni kò dùn.

Ìdánwò ìdákẹ́ yege ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹta, pẹ̀lú nóòtì méjì péré. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fi ọdún méjì sáré lórí síkéèlì lè gbọ́ èyí kó yà á lẹ́nu.

Ọ̀sẹ̀ 4 sí 5: títú kọ́ọ̀dù ká

Nóòtì bíìtì kan-kan, mẹ́rin nínú báà:

D F A C | B A G F | E

Gbólóhùn yìí ni a fi gbogbo ọjọ́ mẹ́wàá ṣe, kò sì sú wa, torí ìsọpọ̀ méjèèjì ló wà nínú rẹ̀: C sí B, F sí E. A gun Dm7 lọ sókè, a fi ẹ̀kẹta G7 sọ̀ kalẹ̀, A inú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kẹsàn-án tó ń kọjá lọ. Lẹ́yìn náà a yí ẹnu ọ̀nà padà: dípò gbòǹgbò, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀kẹta, F A C E, tó túmọ̀ sí ẹ̀kẹta, ẹ̀karùn-ún, ẹ̀keje, ẹ̀kẹsàn-án. Ìró rẹ̀ fẹ́lẹ́ jù, ó sì jìnnà sí báàsì, kò ní dà bí ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ báàsì sọ.

Àléébù: gbogbo gbólóhùn ń bẹ̀rẹ̀ láti gbòǹgbò lórí bíìtì kìíní. Ọwọ́ ló mọ gbòǹgbò jù. A fòfin de gbòǹgbò fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko lórí bíìtì kìíní. Ọ̀rọ̀ náà dára láàárín ọjọ́ méjì.

Ọ̀sẹ̀ 6 sí 7: móòdù wọlé

Ọ̀nà tí wọ́n sábà fi ń kọ́ móòdù ni pé D Dorian jẹ́ síkéèlì C tí a bẹ̀rẹ̀ láti D. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n etí kì í rí ohunkóhun mú nínú rẹ̀. C méjọ̀ ló ṣì ń gbọ́. A gbé e gba ibòmíràn: gbòǹgbò kan náà fún méjèèje, láti èyí tó mọ́lẹ̀ jù lọ sí èyí tó ṣókùnkùn jù, kí nóòtì kan ṣoṣo máa yí lẹ́ẹ̀kan. C ni gbòǹgbò.

Lydian: C D E F# G A B
Ionian: F# bọ́ sí F
Mixolydian: B bọ́ sí Bb
Dorian: E bọ́ sí Eb
Aeolian: A bọ́ sí Ab
Phrygian: D bọ́ sí Db
Locrian: G bọ́ sí Gb

Bí a ṣe ń ṣe é: kí C kan máa dún láìdákẹ́ nísàlẹ̀, kí a fi ìṣẹ́jú méjì-méjì dárà nínú móòdù kọ̀ọ̀kan, kí nóòtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí jẹ́ èyí tí a ń dúró lé jù. G ò gbọdọ̀ bá C dún nísàlẹ̀, nítorí nígbà tí a bá dé Locrian, Gb á forí gbárí pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta etí ti ń dá Dorian mọ̀ yàtọ̀ sí Aeolian láìwo ìwé: A ni ó ń gbọ́, kì í ṣe orúkọ.

Nóòtì tó ń gún kọ́ọ̀dù. Lórí Cmaj7, F jókòó ní ìdajì ìgbésẹ̀ lókè E. Bí a bá dúró lé e, ó ń bá ẹ̀kẹta jà. Lórí G7, C ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí B. Kì í ṣe èèwọ̀. Kó kọjá lórí àárín bíìtì ni, kó má jókòó. Tí a bá fẹ́ jókòó níbẹ̀ lórí Cmaj7, kí a gbé F sókè di F#, Lydian nìyẹn, ìjà sì parí. Dorian ò ní irú wàhálà yìí: E, G àti B, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi odidi ìgbésẹ̀ kan jìnnà sí nóòtì kọ́ọ̀dù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kọ́ọ̀dù máínọ̀ kan ṣoṣo fi jẹ́ pápá gbalasa fún ẹni tó fẹ́ dárà pẹ́. Àmọ́ nínú ii–V, B lórí Dm7 máa ń já àṣírí G7 kó tó dé, nítorí F àti B pa pọ̀ ni ọkàn G7. Ẹ fi B pamọ́ di báà kejì.

Pápá tí a fi dán móòdù wò ni ètò “So What”, tí Miles Davis, onífèrè jáàsì, gbà sílẹ̀ ní 1959: báà 16 ní D Dorian, 8 ní Eb Dorian, 8 ní D Dorian. Kọ́ọ̀dù ò yọni lẹ́nu níbẹ̀; kíka báà ló ń yọni lẹ́nu. Bí ìyípo kan bá parí, báà 8 ti ìkẹyìn á so mọ́ 16 ti ìyípo tuntun, ó di 24 ní D ní àìdábọ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń ṣìnà. Àtúnṣe tó ṣiṣẹ́: kí gbólóhùn jẹ́ báà mẹ́rin-mẹ́rin, kí nóòtì àkọ́kọ́ báà mẹ́jọ-mẹ́jọ kọ̀ọ̀kan wà ní òkè ju ti ìṣáájú lọ. Ara ni yóò máa ka, kì í ṣe ìka.

Ọ̀sẹ̀ 8 sí 9: nóòtì kẹjọ, àti ìdí tí síkéèlì fi ń sọ kọ́ọ̀dù mìíràn

Ibí ni iṣẹ́ ti le jù, ibẹ̀ náà ló sì ti dùn jù.

Ẹ mú G Mixolydian, ẹ fi nóòtì ìdajì bíìtì sọ̀ kalẹ̀ láti G: G F E D C B A G. Àwọn tó bọ́ sórí bíìtì: G, E, C, A. Ìyẹn ni Am7! Báàsì ń sọ G7, ìwọ ń sọ Am7, síkéèlì sì tọ̀nà pátápátá. Nóòtì méje kò bá ìdajì bíìtì mẹ́jọ dọ́gba, àṣìṣe ìṣirò lásán ni. Àwọn oníbíbọ́ọ̀pù (irú jáàsì oníyára kan) fi nóòtì kan kún un láàárín gbòǹgbò àti ẹ̀keje:

G F# F E D C B A | G

Ní báyìí, G, F, D, B ló wà lórí bíìtì, kọ́ọ̀dù G7 gan-an. F#, E, C, A wà ní àárín bíìtì, wọ́n ń kọjá lọ. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀kẹta, ó ṣì ń ṣiṣẹ́: B A G F# F E D C | B fún wa ní B, G, F, D lórí bíìtì. Síkéèlì kan náà ń ṣiṣẹ́ lórí Dm7.

Àléébù: a bẹ̀rẹ̀ láti A lórí bíìtì, gbogbo rẹ̀ ṣí kúrò nípò, F# wá bọ́ sórí bíìtì, ó sì dún bí àṣìṣe torí àṣìṣe ni. Àtúnṣe méjì: kí a bẹ̀rẹ̀ A ní àárín bíìtì, tàbí kí a fi Ab ha àárín A àti G kí ìdọ́gba padà.

Lẹ́yìn èyí ni kíká nóòtì mọ́. Kí a tó dé nóòtì tí a ń fojú sùn, kí a fi nóòtì síkéèlì lókè rẹ̀ àti ìdajì ìgbésẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ ká a mọ́: F D# E, tàbí C A# B. Nóòtì méjì àkọ́kọ́ gba bíìtì kẹrin, ìkẹta gba bíìtì kìíní. D# àti A# ò sí nínú kọ́ọ̀dù, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè wọn, torí wọ́n ti sọ ibi tí wọ́n ń lọ.

Gbogbo nǹkan tó wà lókè nínú gbólóhùn kan, ìdajì bíìtì-ìdajì bíìtì:

D F A C E D C A# | B A G B D G F D# | E

Ẹ jẹ́ ká tú u sí wẹ́wẹ́: títú Dm7 ká dé ẹ̀kẹsàn-án, C àti A# ká B mọ́, lórí G7 ni B, G, D, F bọ́ sórí bíìtì, F àti D# ká E mọ́. Ìdánwò ìdákẹ́ yege ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbà á sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ swing, ìyẹn fífa ìdajì àkọ́kọ́ bíìtì gùn ju ìdajì kejì lọ. Fún ìyára 120, ẹ gbé mẹtirónóòmù sí 60, kí ẹ gbọ́ ìró rẹ̀ bí bíìtì kejì àti ìkẹrin. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ máa ń dà bíi pé ayé ń yí. Ní ìyára tó mọ níwọ̀n, ìdajì àkọ́kọ́ nínú bíìtì máa ń sún mọ́ ìlọ́po méjì ìdajì kejì. Bí orin bá ṣe ń yára sí i ni méjèèjì ń sún mọ́ ìdọ́gba. Àléébù tó wọ́pọ̀ ni fífà á gùn títí tó fi di mẹ́ta sí ẹyọ kan: orin á bẹ̀rẹ̀ sí í ta kìtì bí ẹsẹ̀ arọ. Kí nóòtì so mọ́ra, kí àárín bíìtì gba agbára díẹ̀. Onífèrè á fi ahọ́n kan nóòtì àárín bíìtì, á sì fà á wọ orí bíìtì tó tẹ̀ lé e láìgé e.

Ọ̀sẹ̀ 10: kíì méjìlá

Kò sí ohun tuntun níbí, làálàá ni. Gbólóhùn D F A C | B A G F | E la kọ sílẹ̀ ní nọ́ńbà láti gbòǹgbò kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan: 1 3 5 7 | 3 2 1 7 | 3. A pa lẹ́tà rẹ́. Kíì kan ní òwúrọ̀, kíì àná lẹ́yìn rẹ̀. Àléébù: oní-gìtá kàn sún ọwọ́ sí ẹ̀yìn láìmọ nóòtì tó ń tẹ̀, nígbà tí orin bá wá yí kíì ní àárín gbólóhùn, ọwọ́ ò mọ ibi tó máa yà sí. Kí ó máa pe ẹ̀kẹta jáde bó ti ń tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ 11 sí 12: ata sínú G7

G7 ló ń fa wàhálà, òun sì ni a lè fi ata (nóòtì tó ń ta etí) sí jù. Síkéèlì tí a yí: G Ab Bb B Db Eb F. Síkéèlì tí wọ́n ń pè ní Ab máínọ̀ mẹlọ́díìkì ni, a kàn bẹ̀rẹ̀ láti G. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀keje ṣì wà níbẹ̀, B àti F, nítorí náà kọ́ọ̀dù ò sọnù. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ibi tí nóòtì aláta kọ̀ọ̀kan ń sá lọ nígbà tí Cmaj7 bá dé: Ab lọ sí G, Eb lọ sí E tàbí D, Bb lọ sí A tàbí B, Db lọ sí C tàbí D. Ìdajì ìgbésẹ̀ ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá mú Ab tí kò sì mú un wá sílé ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní àárín.

Àléébù: ìtò dùùrù wa, F A B E, ní A àti E nínú, a wá ń mú Ab àti Eb lé e lórí. Méjèèjì forí gbárí. Síkéèlì ò jẹ̀bi. A yí ìtò sí F Ab B Eb, ó sì tò. Nígbà tí ẹlòmíràn bá ń tẹ dùùrù, kí a fi etí sílẹ̀ kí a tó da ata. Ibi tí ó ti máa ń wọlé láìsí àríyànjiyàn ni ii–V máínọ̀: Dm7b5, G7, Cm6.

Pípààrọ̀ G7 pẹ̀lú Db7 wà nínú ilé kan náà. Db7 ni Db F Ab Cb, Cb sì ni B. F àti B wà nínú méjèèjì, wọ́n kàn pààrọ̀ ipò: ẹ̀kẹta ẹnìkan ni ẹ̀keje ẹnìkejì. Báàsì á wá rìn D, Db, C.

Ọ̀sẹ̀ 13 sí 14: bùlúùsì báà 12 ní F

F7 | Bb7 | F7 | Cm7 F7
Bb7 | Bdim7 | F7 | D7
Gm7 | C7 | F7 D7 | Gm7 C7

Ibi mẹ́ta ni àmì ojú ọ̀nà. Báà 5: A ti F7 bọ́ sí Ab, ẹ̀keje Bb7. Báà 6: báàsì gun B, D F Ab ò mira. Báà 8: F#, ẹ̀kẹta D7, tó ń gun G lọ. Ẹni tó bá kan àwọn mẹ́ta yìí lásìkò lè sinmi níbi tó kù. Ab lórí F7 jẹ́ nóòtì bùlúù, ó dùn, ṣùgbọ́n bí a bá lò ó láti báà 1 dé 4, ìyípadà báà 5 ò ní bu ẹnikẹ́ni lára, torí Ab ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àléébù tó kù: àìmí. Onífèrè gbọ́dọ̀ mí, nítorí náà gbólóhùn rẹ̀ ní òpin. Oní-dùùrù àti oní-gìtá lè ya gbọ̀ọ́rọ̀gbọọrọ láìdúró, wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin: báà méjì ìdárà, báà méjì ìdákẹ́, fún ọjọ́ mẹ́rin. Lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n máa tú èémí síta bí gbólóhùn ti ń lọ; ibi tí èémí bá parí sí, kí ọwọ́ kúrò.

Ọ̀sẹ̀ 15 sí 16: àdàkọ, ìgbàsílẹ̀ ìkẹyìn

Báà 8 láti inú ìdárà àgbà kan, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ dín ìyára rẹ̀ kù sí ìdá 75 nínú 100, tàbí 50 bó bá sáré jù. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu kọ ọ́ títí tí kò fi ní àléébù, lẹ́yìn náà ẹ wá a lórí ohun èlò, lẹ́yìn náà ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá fi nọ́ńbà sábẹ́ nóòtì kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé tí ẹlòmíràn ti kọ máa ń ní nóòtì lọ́wọ́, swing rẹ̀ á sì fò wọ́n ru.

Ìgbàsílẹ̀ ìkẹyìn: ìyára 120, báà 32, kíì méjìlá, a pa orin ẹ̀yìn, mẹtirónóòmù wà lórí bíìtì 2 àti 4 nìkan. Kíì mẹ́sàn-án yege. B, Gb àti E kò yege, ìdí kan náà ló sì wà lẹ́yìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ẹ̀kẹta V dé ní ìdajì bíìtì lẹ́yìn àsìkò. A dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sí ìlà nóòtì atọ́nà ti ọ̀sẹ̀ kejì, ní 60.